Ìyá Alábẹ́rẹ́ àti Àtẹ̀gùn Méjìlélógún

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní Ọjọ́rú, nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Ìyá Alábẹ́rẹ́ kú lórí àtẹ̀gùn keje nínú ilé ìwòsàn wa. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá mọ ìṣirò, ẹ ti mọ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún. Bí ẹ kò bá sì mọ ìṣirò, ẹ má bara jẹ́, ẹ lọ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ìlera. Irú yín gan-an ni wọ́n ń wá.

Ọjọ́ àdéhùn rẹ̀ ni Ọjọ́rú yẹn. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ kúrò tán, akọ̀wé ṣí ìwé náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì síwájú orúkọ rẹ̀: "Kò wá." Ẹ dákun, ẹ bá mi tún un kà. Obìnrin kú sínú ilé ìwòsàn lójúmọmọ, ìwé ilé ìwòsàn ní kò wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ ni, ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí. Kò ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́, kò ní kí wọ́n gbẹ́ ère. Ó ṣáà ní kí wọ́n fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ pé ìyá òun wá. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ìdí tí mo fi mú gègé lónìí nìyẹn, inú sì ń bí mi.

Ẹni tó bá ń béèrè pé ta ló ń jẹ́ Ìyá Alábẹ́rẹ́, ó dájú pé kì í ṣe ará ìhín. Bí o bá ti lé ní ogójì ọdún ní abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó yí wa ká, ọwọ́ obìnrin yìí lo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, òun ló gún mi. Ó gún ẹ̀gbọ́n mi, ó gún àbúrò mi, ó sì gún ìyá wa nígbà tí oyún àbúrò náà wà níkùn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń rìn láti abúlé dé abúlé, kúlà lẹ́jìká, yìnyín nínú kúlà, oògùn láàárín yìnyín. Oòrùn kì í sì í bá yìnyín ṣe ọ̀rẹ́. Bí yìnyín bá yọ́, oògùn bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìyá kì í jókòó sinmi lọ́nà. Bí ẹ bá ní kó wá fìdí lé àga díẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún yìnyín kó kọ́kọ́ jókòó."

Ó ní ìwà kan tí n kò rí lára alábẹ́rẹ́ mìíràn láti ọjọ́ náà. Kì í dúró gàgàrà sórí ọmọdé. Ó máa ń kúnlẹ̀ ni, kí ojú tirẹ̀ àti ojú ọmọ lè ṣe déédéé. Á wá nawọ́ sí ojú fèrèsé, á ní, "Wo ẹyẹ yẹn! Wo ìrù rẹ̀!" Kí o tó yíjú padà, ó ti gún ọ.

"Ẹyẹ náà dà?"

"Ó ti fò lọ. Abẹ́rẹ́ sì ti wọlé. Ó dàbọ̀, ọkọ mi."

Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wo ẹyẹ yẹn, n kò rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí di òní n kò sì lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Bí ọgọ́ta ọmọ bá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, ọgọ́ta ìgbà ló kúnlẹ̀, iye ìgbà yẹn náà ló sì dìde, lórí sìmẹ́ǹtì, lórí òkúta wẹ́wẹ́, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé ọjọ́ ogbó ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Àwa la bà á jẹ́. Orúnkún yẹn la fi yè.

Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun orúnkún ti jẹ tán, eegun wá ń lọ eegun. Bó bá ń dìde lórí àga, ẹ máa gbọ́ tó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́. Á ní kí àlejò má dá a lóhùn, orúnkún òun ló ń kí i. Òun nìkan sì kọ́. Ẹ dé ọ̀dọ̀ agbẹ́kànga wa, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ti fi ogún ọdún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ebè, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ru pákó láti igbó wá sí títì. Ẹni àádọ́ta ọdún á fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn láàárọ̀, á kọ́kọ́ bẹ orúnkún méjèèjì bí ẹní ń bẹ olówó tó jẹ ní gbèsè. Làkúrègbé ni ogún tí iṣẹ́ oko fi sílẹ̀ fún wa.

Nígbà kan, ilé ìwòsàn wa wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, yàrá mẹ́ta lẹ́bàá ọ̀nà. Bí o kò bá lè rìn wọlé, o lè rákò wọlé. Ìjọba wá ṣàánú wa, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí n má purọ́, a jó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ìgbà tí a jó tán la wá rí bí wọ́n ṣe pín in. Ìsàlẹ̀ ni gbọ̀ngàn ìpàdé wà. Ìsàlẹ̀ ni yàrá tí wọ́n ń kó igba àga sí wà. Ìsàlẹ̀ ni ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà ètò ìlera wà, nítorí Ọ̀gá Àgbà kò fẹ́ràn kó máa gun òkè. Ibo wá ni wọ́n fi yàrá ìtọ́jú orúnkún sí? Òkè. Àga tí kò ní orúnkún ń gbé ìsàlẹ̀, àwọn tí orúnkún ń pa ń wá òkè lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú u kí wọ́n lè kùn ún lọ́dà nítorí àlejò pàtàkì kan tó ń bọ̀. Àlejò wá, àlejò lọ, wọ́n ṣì ń kun irin.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún nìkan ni wọ́n ń tọ́jú lókè yẹn? Aboyún ń gùn ún. Àgbẹ̀ tí ìpá ń dà láàmú ń gùn ún, ó fọwọ́ kan di abẹ́ ikùn mú. Bàbá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn ń fi ọ̀pá ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí aláìsàn bá sì ti gòkè tán, wọ́n á ní kó jókòó kí àwọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó mí. Gbogbo abúlé wa ló lẹ́jẹ̀ ríru nínú ìwé. Kò sí ẹni tó ronú pé àtẹ̀gùn gan-an ló yẹ kí wọ́n fún ní oògùn.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lókè fún gbogbo èyí. Nígbà tó rí i pé àwọn àgbàlagbà ń dúró sísàlẹ̀ fèrèsé, tí wọ́n ń gbójú sókè, tí wọ́n á sì yí padà lọ sílé, ó mú garawa kan láti ilé rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn. Bí o bá débẹ̀, wàá pariwo, "Nọ́ọ̀sì o!" Garawa á sọ̀kalẹ̀, wàá fi káàdì rẹ sí i, yóò fà á sókè, yóò ka káàdì, oògùn ìrora á sì bá garawa padà wá. Ọdún márùn-ún gbáko la fi gba ìtọ́jú nínú garawa. A fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní garawa yẹn nìkan ni dókítà tó mọ orúkọ òun.

N kò ní bú nọ́ọ̀sì náà, nítorí òun nìkan ló wá nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n garawa kò lójú. Garawa kò lè wo abẹ́ ìpéǹpéjú ènìyàn kó rí i pé ó ti funfun jù, pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dín lára. Garawa kò lè béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń jẹun kí ẹ tó lo oògùn yìí? Ṣé inú kì í ta yín?" Oògùn tó ń pa ìrora orúnkún, bó bá pẹ́ jù lára láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè dá ọgbẹ́ sínú. Ìyá tó ń kọ́ gbogbo ìyálọ́mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn kò bi ara rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni kó bi í, ẹlòmíràn náà sì wà lókè àtẹ̀gùn méjìlélógún.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí wọ́n kó jọ ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá jókòó níwájú tábìlì lókè nìkan ni wọ́n ń kà sí aláìsàn orúnkún. Wọn kì í ka ti garawa. Ní ọdún tí wọ́n ṣí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé méjìlá ló dé tábìlì. Ní ọdún kejì, àádọ́rùn-ún. Ní ọdún karùn-ún, mọ́kànlá. Ọ̀gá Àgbà wo mọ́kànlá yìí, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó kọ̀wé sókè pé làkúrègbé ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní àwọn abúlé òun. Kò bi ara rẹ̀ bóyá àìsàn ló tán ni, àbí agbára àtigùn. Wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ! Àwọn baba wa máa ń bú ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Wọn ò tíì rí irú eléyìí, tí kò pa ẹ̀tẹ̀, tí kò pa làpálàpá, tó sì gba ẹ̀bùn.

Bí òkìkí ṣe kàn báyìí, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo iṣẹ́ ìyanu. Garawa tó ń fì lójú fèrèsé wá di ohun ìtìjú. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: "A kò gbọ́dọ̀ fi garawa gba ìtọ́jú mọ́. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dé iwájú tábìlì fúnra rẹ̀." Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí orúkọ ènìyàn wà, wọ́n kọ "Ìgbìmọ̀". Akọ̀wé yọ okùn, ó sì ń fi garawa náà nu ilẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Ọjọ́rú yẹn dé. Inú ti ń ta Ìyá Alábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méjì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, pé ọgbẹ́ inú ti ń ṣẹ̀jẹ̀, alábẹ́rẹ́ kúkú ni. Ọmọ rẹ̀ fi alùpùpù gbé e dé iwájú ilé ìwòsàn.

"Màmá, ẹ jẹ́ n pọ̀n yín."

"Kí o pọ̀n ta? Èmi tí mo pọ̀n ọ́? Di apá mi mú, ká máa lọ."

Wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ilẹ̀kùn wà ní títì, fáànù ń ṣiṣẹ́ nínú, àlejò ti kún. Nọ́ọ̀sì wa wà láàárín wọn, nínú aṣọ funfun, ní ìlà iwájú. Ọ̀gá Àgbà ló ní kó jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ, kí àlejò lè fojú ara wọn rí i pé nọ́ọ̀sì wà. Orí aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ta sójú ògiri ni wọ́n kọ àkọlé ìpàdé sí: Bí A Ṣe Ń Gbé Ìlera Dé Ẹnu Ọ̀nà Ará Abúlé. Mo búra fún yín, n kò fi iyọ̀ sí i.

Ìyá gun mẹ́ta, ó sinmi. Ó gun méjì, ó sinmi. Ó gun méjì sí i, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó fa káàdì rẹ̀ yọ nínú àpò, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. "Lọ fi hàn wọ́n. Sọ fún wọn pé mo ti dé."

Ọmọ sáré gòkè. Akọ̀wé nìkan ló bá nídìí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi wà lórí àtẹ̀gùn. Ara wọn ò yá rárá."

Akọ̀wé yẹ káàdì wò, ó yí i wò lẹ́yìn. "Àwọn fúnra wọn ńkọ́?"

"Mo ní wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn."

"Kí wọ́n gòkè wá."

"Bí wọ́n bá lè gòkè, ṣé èmi lẹ máa rí?"

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Àtẹ̀gùn kì í ṣe ilé ìwòsàn. Níbi tábìlì yìí ni ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì dà?"

"Nọ́ọ̀sì wà nípàdé."

Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó fo ìyá rẹ̀ kọjá, ó lọ ń gbá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ní kó rọra, ọ̀gá kan ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nínú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi dá ohùn rẹ̀ mọ̀ tó sì ti àga ṣubú jáde, ìyá ti pọ ẹ̀jẹ̀ sára aṣọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ òfìfo lè ṣe. Ó pẹ́ jù. Ó jókòó ti òkú náà lórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Ìyá yìí ló gún òun náà lábẹ́rẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Àgbà lọ kí ọmọ olóòógbé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú èèyàn mẹ́ta lọ́wọ́, ó sì mú ayàwòrán. Mo wà níbẹ̀, ṣòkòtò mi ni mo wá gbà. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú. Ó yà wá lẹ́nu o. Orúnkún kì í kúkú pa èèyàn."

Ọmọ náà ń gé òwú lẹ́yìn aṣọ kan.

Ọ̀gá Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní ọ́fíìsì ti jókòó, wọ́n ti ro ohun tí wọ́n lè fi bu ọlá fún màmá. Wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ sọ àtẹ̀gùn yẹn. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sókè.

Ọmọ náà gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ẹ̀yin lè kọ orúkọ wọn sórí àtẹ̀gùn, àmọ́ ẹ ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n wá?"

"A ti fi ẹ̀dà ìwé yẹn ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́, màdáámù. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa gbọ́dọ̀ bá a mu. A ò lè máa yí i padà."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá yí i padà?"

Ọ̀gá Àgbà wo ayàwòrán, ayàwòrán wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ló sọ òótọ́ láìmọ̀ọ́mọ̀. Ó ní, "Bí a bá kọ ọ́ pé wọ́n wá, a jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a ṣe fún wọn nígbà tí wọ́n dé." Wọn ò ya fọ́tò mọ́.

Òótọ́ ni Ọ̀gá Àgbà sọ, orúnkún kì í pa èèyàn. Orúnkún kọ́ ló kó àga sísàlẹ̀. Orúnkún kọ́ ló tú irin tí kò dá a padà. Orúnkún kò fi ọdún márùn-ún fún ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ní oògùn láìwo ojú rẹ̀, kò sì mú nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí a ní lọ ṣe ọ̀ṣọ́ níwájú àlejò. Àwọn èèyàn tó ní orúkọ, tó ní àga, tó ní ọmọ nílé ni wọ́n ṣe é. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mẹta láti béèrè ẹni tó ṣòfin pé ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ níbi tábìlì. Wọ́n ní Ìgbìmọ̀ ni. Mo ní ta ni Ìgbìmọ̀? Wọ́n ní Ìgbìmọ̀ ò sí nílé. Ìgbìmọ̀ yìí mọ̀ ọ́n sá ju ẹyẹ lọ! Kí ló dé tí kì í ṣe Ìgbìmọ̀ ló lọ gba àmì ẹ̀yẹ? Ọjọ́ tí wọ́n ń pín iyì, Ọ̀gá Àgbà ló jáde. Ọjọ́ tí òkú sùn sórí àtẹ̀gùn, ó di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀.

Ọmọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń padà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Kò dá lọ. Agbẹ́kànga ń bá a lọ, àwọn obìnrin orí ebè ń bá a lọ, èmi náà ń lọ. A ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Inú gbọ̀ngàn la máa jókòó sí, igba àga kúkú wà nísàlẹ̀ yẹn, a ó sì gbádùn fáànù títí Ọ̀gá Àgbà yóò fi dé. A fẹ́ kí yàrá ìtọ́jú sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí àga máa lọ gbé òkè. A fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn ní ẹnìkejì. A fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tó fòfin de garawa láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, Ọ̀gá Àgbà, ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé ńlá yẹn wá fúnra yín. Ẹ má rán akọ̀wé. Ẹ ṣí i níwájú ọmọ Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹ fa ìlà sórí irọ́ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: ó wá, ó ránṣẹ́ pé òun ti dé, a kò dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ buwọ́ lù ú. Orúkọ yín ni kí ẹ kọ o. Ẹ má kọ Ìgbìmọ̀.